Ohun Tó Wà Láàárín Àwòrán Méjì

Nínú àwòrán kìíní nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ idà tai chi, eré ìjà àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń ṣe ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣóńṣó idà kọjú sí ìlà-oòrùn. Nínú àwòrán kejì, ìlà-oòrùn náà ló ṣì kọjú sí, àfi pé idà ti gòkè kọjá orí, orúnkún òsì sì ti wà lókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé idà láti ìhín lọ sí ọ̀hún ní tààrà, bí ẹni fi ọ̀pá ká nǹkan lórí igi. Mo gbà pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí mo fara balẹ̀ wo àwọn àwòrán kéékèèké tó wà láàárín méjèèjì, àwọn tí mo máa ń fò kọjá, tí mo sì ka ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn, ni mo tó rí i pé idà ti rìnrìn àjò níbẹ̀. Ó ti padà sẹ́yìn, ó ti kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ó ti yípo gòkè bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kó tó wá gúnlẹ̀ sí ìlà-oòrùn lẹ́ẹ̀kejì. Ara ti yí lọ, ó sì ti yí bọ̀. Gbogbo ohun tó ń jẹ́ tai chi nínú ìgbésẹ̀ yẹn, àárín ló wà, n kò sì tíì ṣe é rí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìwé máa ń fi ibi tí idà dé hàn mí gbangba, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà débẹ̀, àfi kí n wá a fúnra mi. Bí mo ṣe ń wá a ni mo fẹ́ sọ.

Kì í ṣe orí ìwé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ tai chi ọlọ́wọ́ òfìfo lọ́dọ̀ olùkọ́ kan. Ìlànà onígbésẹ̀ 24 tí ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ìjọba Ṣáínà ṣe jáde ní 1956 ló kọ́ wa, ó sì ti ṣèlérí pé idà ló kàn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i tó fi idà ṣe é. Mo tètè dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, òun nìkan ló wà níbẹ̀, kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun. Idà náà kò dún, kò yára, kò dúró. Nígbà tó parí, mi ò lè sọ pé ibi báyìí ni ìgbésẹ̀ kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó kó lọ síbi tó jìnnà, ẹgbẹ́ wa tú ká, kò sì sí olùkọ́ idà kankan nítòsí mi. Bí mo ṣe wá ìwé lọ nìyẹn.

Ká ní n kò tíì kọ́ ti ọwọ́ òfìfo ni, n kò ní gbà fún ara mi láti fọwọ́ kan idà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn létí ẹni tí ara ti ń yá láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ìwé á kàn sọ pé "gbé ìwúwo lé ẹsẹ̀ ọ̀tún". Lórí bébà, gbólóhùn kékeré ni. Nínú ara, iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni: kí ẹsẹ̀ kan kún, kí èkejì ṣófo, kí ìbàdí má yẹ̀, kí orí má fì. Yang Chengfu, ọ̀gá tai chi láti ìdílé Yang, tí wọ́n bí ní 1883 tó sì kú ní 1936, fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó kún àti ẹsẹ̀ tó ṣófo sínú kókó mẹ́wàá tó là sílẹ̀ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Ìwé idà kò ní dúró kọ́ ọ níyẹn. Ó gbà pé o ti mú un wá láti ilé.

Fífi idà sínú ìwé kì í ṣe ohun tuntun. Chen Weiming, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Yang Chengfu, tẹ ìwé tirẹ̀ lórí idà tai chi jáde ní 1928. Ọ̀rọ̀ yìí fún mi lọ́kàn gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Bí ẹni tó dúró níwájú ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá rí i pé bébà lè gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, a jẹ́ pé èmi tí mo jókòó ti bébà nìkan kò ṣiṣẹ́ òfo.

Ìlànà tí mo yàn ni ti onígbésẹ̀ 32, tí wọ́n ṣàkójọ rẹ̀ ní 1957 láti inú idà ìdílé Yang. Apá mẹ́rin ni, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á parí rẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Jian ni irú idà tí wọ́n ń lò fún un: gbọọrọ, olójú méjì, tó tín-ín-rín lọ sí ṣóńṣó. Ó yàtọ̀ sí dao, tó jẹ́ olójú kan, tó sì tẹ̀ kọrọdọ.

Ọ̀rọ̀ sípẹ́lì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi dúró kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé méjì ni mo rí. Èyí tó ti pẹ́ kọ ọ́ ní t'ai chi ch'uan, ó sì pe idà ní chien. Èyí tó jẹ́ tuntun kọ ọ́ ní taijiquan, ó sì pe idà ní jian. Ohun kan náà ni. Ọ̀nà méjì tí wọ́n gbà ń fi lẹ́tà Látìn kọ èdè Ṣáínà ló yàtọ̀. Èyí tó ṣe mí ní kàyéfì jù ni ti ohùn. Èdè Ṣáínà, bíi tiwa, ohùn ló fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwé tí mo ní kò fi àmì kankan sí i. Mo rí jian níhìn-ín, mo rí jian lọ́hùn-ún, mo rò pé idà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé jiàn ni idà, pé jiān ni ejìká, àti pé jiān mìíràn wà tó túmọ̀ sí ṣóńṣó. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kò nílò àlàyé. Níbi tí ìwé ti ní kí n rọ ejìká sílẹ̀, idà ni mo ń rọ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ọ̀rọ̀ Ṣáínà kan, mo máa ń wá ohùn rẹ̀ kí n tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Igi ni mo fi ṣe idà àkọ́kọ́ tí mo lò, mo sì ṣì ń lò ó. Bí wọ́n ṣe ń wọn gígùn rẹ̀ ni pé kí o fi ọwọ́ òsì di èkù mú, kí o jẹ́ kí idà dúró gbọọrọ lẹ́yìn apá rẹ, kí ṣóńṣó rẹ̀ kan òkè etí. Ohun kan tí mo ṣe tí n kò rí nínú ìwé kankan ni pé mo kun ojú kan ní ọ̀dà pupa, mo fi èkejì sílẹ̀. Idà igi kò mú, ọwọ́ kò sì lè mọ ojú tó ń ṣíwájú. Ọjọ́ tí mo kùn ún ni mo rí àṣìṣe tí mo ti ń ṣe: nínú ìgbésẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún, níbi tó ti yẹ kí ojú idà fà wá sára lọ́nà tó dagun, pẹlẹbẹ idà ni mo fi ń ti afẹ́fẹ́. Kò sí àwòrán tó lè sọ ìyẹn fún mi, torí pé nínú àwòrán, pẹlẹbẹ àti ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ wo òkè pẹ̀lú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo wọn iwájú, mo wọn ẹ̀yìn, mo gbàgbé àjà.

Ọ̀rọ̀ ìhà ilẹ̀ gba sùúrù. Ìwé tí mo lò ní kí n kọjú sí gúúsù láti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe àlàyé gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Mo kọ́kọ́ ń wá gúúsù gidi nínú yàrá mi, èyí sì mú kí n máa dojú kọ ògiri. Gúúsù inú ìwé kì í ṣe ti kọ́ńpáàsì. Ibi tí o bá kọjú sí níbẹ̀rẹ̀ ni gúúsù, a ti parí ọ̀rọ̀. Mo fi ẹfun kọ orúkọ ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, láti ìgbà náà ọ̀rọ̀ ìwé di ohun tí mo lè fẹsẹ̀ rìn.

Wàhálà mìíràn ni pé ẹni inú àwòrán kọjú sí mi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà ní ọwọ́ òsì mi. Fún ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì, èèyàn lè fi ọpọlọ yí i padà; ní ìgbésẹ̀ kẹwàá, ọpọlọ á ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tó gbà mí ni pé mo gbé ìwé sí iwájú jígí, mo sì ń wo àwòrán láti inú jígí. Nínú jígí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún mi, bí ìgbà tí mo ń wo ara mi.

Ọfà tó wà lórí àwòrán ló gba àkókò mi jù. Nínú ìwé tèmi, ìlà tí kò já ni ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìlà oníjàńjá ni ti òsì. Mo mọ ìyẹn. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọfà tó wà lórí àwòrán karùn-ún kò sọ bí a ṣe dé àwòrán karùn-ún. Bí a ó ṣe kúrò níbẹ̀ lọ sí ìkẹfà ló ń sọ. Èmi kà á sí ọ̀nà tí a gbà wá. Gbogbo ohun tó yẹ kó gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀, èmi kọ́kọ́ mú un sọ̀ kalẹ̀. Ó gbà mí ní ìdajì oṣù kí n tó padà sí ojú ewé àlàyé tó wà níwájú ìwé, tí mo ti ṣí kọjá nítorí ìwàǹwára. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀ nípa rẹ̀. Ó dùn mí, torí pé ìdajì oṣù yẹn ti wọ ara mi lọ, ó sì pẹ́ ju ìdajì oṣù lọ kó tó jáde.

Ẹ̀yìn èyí ni mo pinnu pé mi ò ní di idà mú mọ́ nígbà tí mo bá ń kọ́ ìgbésẹ̀ tuntun. Ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń kọ́. Máa ka gbólóhùn kan, máa fi ohun tó sọ nípa ọwọ́ sílẹ̀, máa wá ohun tó sọ nípa ẹsẹ̀ nìkan: èwo ló kúrò, ibo ló lọ, gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀ ni àbí orí ìka, ìgbà wo ni ìwúwo tẹ̀ lé e. Mo ya àtẹ́lẹsẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo kun èyí tó kún ní dúdú, mo fi èyí tó ṣófo sílẹ̀ ní funfun. Bí ẹsẹ̀ bá ti mọ ọ̀nà, ìbàdí ló kàn. Idà ni ìkẹyìn. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ báyìí kò bàjẹ́ mọ́.

Orúnkún ló fi tipátipá kọ́ mi. Ìdúró kan wà tí wọ́n fi ọrun ọlọ́fà pè: ẹsẹ̀ iwájú tẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nà, ìwúwo pọ̀ sí iwájú. Láti inú ìdúró yìí, ara sábà máa ń yí sí ibòmíràn. Mo ń yí ẹsẹ̀ iwájú nígbà tí gbogbo ìwúwo mi ṣì wà lórí rẹ̀, ilẹ̀ di àtẹ́lẹsẹ̀ mú, orúnkún sì ń gba ìfúnpọ̀ náà. Lẹ́yìn oṣù kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí nígbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo padà, mo wo ìwé, mo sì rí i: gbé ìwúwo padà sẹ́yìn, yí orí ìka ẹsẹ̀, kí o tó tún lọ síwájú. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Àwòrán kò ya ìpadàsẹ́yìn kékeré yẹn, mo sì ti ń gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán ju ọ̀rọ̀ lọ. Ìgbésẹ̀ kẹta pẹ̀lú, níbi tí èèyàn ti ń lọ sílẹ̀ pátápátá lórí ẹsẹ̀ kan kí idà tó gbá gbalaja, mi ò lọ sílẹ̀ tán níbẹ̀. Ìdajì ni mo ń lọ, ó sì tó mi.

Ní ti dídi èkù mú, ó wù mí kí n sọ ọ́ dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni ìwé ti sọ òótọ́ tó jinlẹ̀ jù fún mi, ibẹ̀ náà ni mo ti pẹ́ jù kó tó yé mi.

Ìwé sọ pé kí n di èkù mú "láàyè". Mo ka gbólóhùn yẹn ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Mo gbà pé mo ń ṣe é, torí pé n kò rò pé mo fún un jù. Ṣùgbọ́n apá mi ń wúwo, iṣan tó wà lókè ọrùn-ọwọ́ ń ro mí, ṣóńṣó idà sì kú. Ohun tí mo ń pè ní kíkú ni pé bí ọwọ́ mi bá dúró, ṣóńṣó náà dúró lẹ́ẹ̀kan náà bí ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ pákó.

Orúkọ ni ó là mí lójú. Ìgbésẹ̀ kìíní nínú 32 yìí ni wọ́n ń pè ní "lámilámi kan omi". Mo ti ka orúkọ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó kọjá lọ létí mi. Ọjọ́ tí mo pè é ní Yorùbá sí ara mi létí ni mo dúró jẹ́ẹ́. Àwa tí a ń sọ èdè yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé, torí pé orúkọ kòkòrò náà ti sọ ohun tó ń ṣe: lámilámi, alámi-lámi, ó fi ìdí kan omi, ó gbéra, ó tún kàn án. Kì í já lu omi. Kì í pẹ́ níbẹ̀. Mo gbé idà, mo ronú kan lámilámi, ọrùn-ọwọ́ mi sì gòkè fúnra rẹ̀, ṣóńṣó sì sọ̀ kalẹ̀, ó kan ibì kan nínú afẹ́fẹ́, ó sì gbọ̀n díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ṣóńṣó náà gbọ̀n.

Bí mo ṣe yẹ ọwọ́ mi wò ni mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀: àtàǹpàkò pẹ̀lú ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ló di èkù mú, méjì tó kù kàn fara tì í, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ní àyè nínú. Nínú ìgbésẹ̀ mìíràn, ìka ìsàlẹ̀ ló ń di í mú tí ti òkè ń tú. Ọwọ́ kì í dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí "láàyè" túmọ̀ sí nìyẹn. Fọ́tò ọwọ́ tó di èkù mú wà nínú ìwé náà, ó mọ́ kedere, kò sì lè fi èyí hàn láéláé, torí pé fọ́tò ti dá ọwọ́ dúró.

Orúkọ yẹn mú mi padà sí gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú ìwé. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kọ "gé" síbi tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn ìwé, wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ Ṣáínà pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, mo sì fi ọjọ́ kan wá Yorùbá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ tó. Pi ni là, bí a ṣe ń la igi: láti òkè wá sílẹ̀, ìwúwo apá tẹ̀ lé e. Ci ni gún. Sao ni gbá, bí a ṣe ń gbálẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ṣáínà náà, mo, ni nù, bí a ṣe ń nu orí tábìlì: idà dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì kọjá lọ láìtẹ ohunkóhun. Dai ni fà: kì í ṣe fífà pẹ̀lú agbára, bí ìgbà tí èèyàn ń fa ọmọdé lọ́wọ́ lọ ni. Gua ni fi kọ́. Tuo ni gbé ró. Lan ni dí lọ́nà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ gígé, ara mi ń ṣe ohun kan náà ní ìgbà 32. Nígbà tí mo wá mọ̀ pé mo fẹ́ là níhìn-ín, pé mo fẹ́ nù lọ́hùn-ún, apá mi mọ ohun tó yẹ kó ṣe kí n tó parí gbólóhùn. Ọwọ́ mi ti ń la igi, ó ti ń gbálẹ̀, ó ti ń nu tábìlì láti kékeré. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ láti inú ìwé èdè mìíràn nímọ̀ràn pé kó sọ àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe di ti èdè rẹ̀, kó sì máa pè wọ́n jáde bó ṣe ń ṣe é. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, kò sí èyí tó ràn mí lọ́wọ́ tó èyí.

Ọwọ́ òsì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kí n má fò ó. Kì í di nǹkan kan mú lẹ́yìn tí idà bá ti bọ́ sí ọ̀tún. Ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín á nà pa pọ̀, àtàǹpàkò á tẹ méjì tó kù mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi jẹ́ kó máa fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà oníjàńjá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ kan mi kò mì mọ́, torí pé ọwọ́ yẹn ni òṣùwọ̀n kejì fún idà.

Ìwé méjèèjì tí mo ní kì í fohùn ṣọ̀kan. Èyí tó ti pẹ́ ń kọ́ni ní ìlànà àtijọ́ ti ìdílé Yang, tó gùn ju 32 lọ. Bí ìgbésẹ̀ kan bá ṣòro nínú ọ̀kan, mo ń sá lọ sí èkejì láti wò ó, mo sì ń padà wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó yàtọ̀ àti ọwọ́ tó yàtọ̀. Mo gbé ọ̀kan sórí àpótí, mo sọ pé mi ò ní ṣí i títí màá fi parí èkejì. Mo pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún oṣù mẹ́jọ.

Nígbà tí mo parí ìgbésẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n, ìrìn àjò kan gbé mi dé ibi tí àgbàlagbà kan ti ń ṣe idà lówùúrọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wo tèmi. Kò dá mi dúró rárá, ó wò ó tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní ìwé ni. Ó ní òun rí i. Ó ní ní òpin ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń dúró díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò.

Òótọ́ ni. Ìgbà 32 ni mo dúró fún fọ́tò. Mo ti ń wá ohun tó wà láàárín àwòrán láti ọjọ́ pípẹ́, mo ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn àwòrán fúnra wọn ṣì wà nínú ara mi bí òpó. Mo rántí olùkọ́ mi lówùúrọ̀ yẹn, bí n kò ṣe rí ibi tí ìgbésẹ̀ kan ti parí.

Àgbàlagbà náà di ìbàdí mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní kí n ṣe ìgbésẹ̀ kìíní àti ìkejì, lámilámi àti èyí tí wọ́n ń pè ní ìràwọ̀ ńlá, àwọn méjì tí mo ti kọ́kọ́ ṣì ṣe. Gbogbo ìgbà tí idà mi bá gbéra kí ìbàdí tó yí, ó ń fún ìbàdí náà mú kó má lè yí, idà á sì rọ̀ sọ́wọ́ mi. "Idà ń dé kí ìwọ tó dé," ló wí. A ṣe é bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi mú. Nígbà tó yá, ó yọ ọwọ́ rẹ̀ láìsọ fún mi, n kò sì mọ̀.

Mo padà sílé, mo mú lẹ́ẹ̀dì, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìwé náà lákọ̀tun láti ojú ewé kìíní. Lórí àwòrán ńlá kọ̀ọ̀kan, níbi tí mo ti ń dúró, mo fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba orí rẹ̀ kọjá lọ sínú èyí tó tẹ̀ lé e, kí ojú mi má lè sinmi níbẹ̀. Mo ti dé ìgbésẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ara á fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po tán níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan á ṣí síta, èkejì á kọ́ wọlé, idà á máa nu afẹ́fẹ́ lọ pẹrẹsẹ títí yóò fi kọjú sí gúúsù tí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán kéékèèké méjì ni ìwé fi sí gbogbo ìyípo yẹn. Mo ti ya àtẹ́lẹsẹ̀ mẹ́ta sí àárín wọn, dúdú, funfun, dúdú. Kẹta kò tíì dá mi lójú. Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, màá fi ẹfun kọ gúúsù sílẹ̀, màá sì tún un rìn láìmú idà dání.